Miata 1991 kú sórí òkè Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ní pọ́ǹpù epo ni

Adébáyọ̀ Adó

Èkìtì kete! Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí n tó náwó. Mazda Miata ọdún 1991 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.6, jíà ọlọ́wọ́, oníjòókòó méjì, èyí tí iná iwájú rẹ̀ máa ń yọrí sókè tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Tí oòrùn bá mú, tí mo bá ti kọjá Arámọkọ tí mo ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ tìkọ̀, á ta gìrì díẹ̀, á kú. Tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí mo jókòó sábẹ́ igi títí ara rẹ̀ fi tutù, á tún gbà, a ó sì máa lọ. Ní báyìí, kò gbà mọ́ rárá. Bátìrì le, ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa tí mo bá kíìkì, ṣùgbọ́n kò mú.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní pọ́ǹpù epo ti kú, pé òun máa sọ táǹkì kalẹ̀. Èkejì ní kí n má da ara mi láàmú lórí táǹkì, òun á gé ilẹ̀ búùtù láti òkè. Ẹnì kẹta ní ká so pọ́ǹpù mìíràn mọ́ abẹ́ mọ́tò níta, ká gbàgbé ti inú táǹkì. Ọ̀rọ̀ wọn ò ṣọ̀kan, owó tí wọ́n pè náà ò sì bára mu. Mi ò fẹ́ kí ayùn kan ara mọ́tò yìí o. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀gá Bàsírì

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Mo ti ń tún mọ́tò ṣe kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lọ́dún 1996, pọ́ǹpù ni èyí. Ṣí kọ́kọ́rọ́ sí iná, má kíìkì, kó o tẹ́tí sí ẹ̀yìn. Pọ́ǹpù tó wà láàyè á kùn díẹ̀, á dákẹ́. Tó ò bá gbọ́ nǹkan kan, ó ti lọ nìyẹn.

Ohun kejì: jẹ́ kí ẹnì kan máa kíìkì, kí ìwọ fi òòlù onírọ́bà gbá ìdí táǹkì jẹ́jẹ́. Tó bá mú, á jẹ́ pé inú pọ́ǹpù ti jẹ. Má gbé e lọ sí ọ̀nà jínjìn lẹ́yìn ìyẹn o, torí ibi tó bá wù ú ló máa dá ọ dúró sí.

Ríwáyà Ajílósùn

Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ohun tẹ́ ẹ sọ bá Honda àti àwọn mọ́tò kan mu. Kò bá Miata 1.6 mu rárá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ra pọ́ǹpù tí wọn ò nílò nítorí rẹ̀.

Nínú Miata 1990 sí 1993, rílè kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nítòsí òpó sítíà, òun ló ń gbé iná lọ fún pọ́ǹpù. Ohun méjì ló ń jí rílè yẹn. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kíìkì. Èkejì ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́, tí afẹ́fẹ́ náà sì ti abala irin kékeré tó wà nínú AFM, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ojú iná kan wà lára abala yẹn. Tó bá ti ṣí díẹ̀, pọ́ǹpù á gba iná. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, abala á padà, pọ́ǹpù á dákẹ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí epo má baà máa tú jáde tí mọ́tò bá ní ìjàǹbá. Torí náà, tẹ́ ẹ bá kàn ṣí kọ́kọ́rọ́ lásán, kò ní kùn, kódà kó jẹ́ pọ́ǹpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé, ẹ̀gbọ́n Adébáyọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá àpótí dúdú kékeré kan lápá òsì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀, orúkọ ojú kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ẹ mú wáyà kékeré kan, ẹ fi so F/P (ojú ti pọ́ǹpù epo) mọ́ GND (ojú ti ilẹ̀), kẹ́ ẹ wá ṣí kọ́kọ́rọ́ sí iná. Ẹ má kíìkì. Ẹ má sì ṣì í so mọ́ ojú mìíràn.

Tó bá kùn, pọ́ǹpù yè, rílè náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá yọ wáyà, ẹ fi ìka ti abala inú AFM jẹ́jẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lórí iná. Tí kò bá kùn níbẹ̀, AFM tàbí wáyà rẹ̀ ló ń ṣe é, kẹ́ ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀. Àmọ́ tí kò bá kùn pẹ̀lú F/P àti GND, ẹ yẹ fúúsì wò, lẹ́yìn náà ẹ padà wá bá mi.

Ẹ tún yẹ iná pọ́lọ́ọ̀gì wò. Mọ́tò tó ń kú tó bá gbóná, tó sì ń gbà tó bá tutù, kì í ṣe pọ́ǹpù nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ílì àti sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe é.

Màmá Ìbejì Ìjerò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò tún mọ́tò ṣe, ẹ̀yà mọ́tò ni mo ń tà. Ẹ̀yin ọkùnrin ti ń sáré lọ sórí iná, kò sẹ́ni tó béèrè irú epo tó wà nínú táǹkì. Ibo lẹ ti ń ra epo? Ṣé inú kẹ́ẹ̀gì ni? Omi máa ń wọlé sí táǹkì iléepo nígbà òjò, ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì sì ń wọlé tààrà. Ní oṣù kejì ọdún 2022 tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń wá ra pọ́ǹpù lọ́wọ́ mi.

Ẹ pààrọ̀ fílítà ná. Owó rẹ̀ ò tó ti pọ́ǹpù rárá.

Ọ̀gá Bàsírì

Ríwáyà, mo gbọ́. Àmọ́ òòlù onírọ́bà kì í purọ́. Kó gbá a wò.

Adébáyọ̀ Adó

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo so F/P mọ́ GND, kò kùn rárá. Fúúsì yè. Iná ń bẹ ní pọ́lọ́ọ̀gì. Mo gbá ìdí táǹkì bí ọ̀gá ṣe wí, ó kùn kín-ún, ó tún dákẹ́.

Màmá Ìbejì, inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ti ń bu epo nígbà tí ọ̀wọ́ngógó wà. Mi ò lè sẹ́. Níbo ni fílítà wà? Mi ò rí i nídìí ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀gá Bàsírì

Ẹ̀n-ẹ́n.

Ríwáyà Ajílósùn

Ọ̀gá gba máàkì lórí òòlù, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ku ẹyọ kan kó tó ra pọ́ǹpù. Wáyà ilẹ̀ tó ti dípẹtà máa ń fi fólítì 12 hàn lórí mítà, àmọ́ tí iṣẹ́ bá dé, kò ní lè gbé e. Ẹ tú ojú wáyà pọ́ǹpù, ẹ fi gílóòbù iná iwájú mọ́tò so sí ibi tí pọ́ǹpù ti ń gba iná, pẹ̀lú F/P àti GND lórí ara wọn. Tí gílóòbù bá tàn yòò, wáyà ò lẹ́ṣẹ̀. Tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ lọ fọ ojú wáyà ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́jọ́. Kẹ́ ẹ tó ṣí táǹkì lẹ máa ṣe èyí o, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣí i.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Mo ní 1992 irú rẹ̀, mo sì ti pààrọ̀ pọ́ǹpù rẹ̀ fúnra mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí ohun tí àwọn mẹkáníìkì wọ̀nyẹn sọ bà mí nínú jẹ́.

Kò sí ìdí kankan láti sọ táǹkì kalẹ̀. Kò sì sí ìdí láti gé nǹkan kan. Táǹkì Miata wà lẹ́yìn ìjókòó, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ti fi ọ̀nà sílẹ̀. Ẹ ká òrùlé sẹ́yìn tàbí kẹ́ ẹ tú fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí àyè. Ẹ sún ìjókòó síwájú, ẹ tú kápẹ́ẹ̀tì tó wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn ìjókòó. Irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí sìkírù dì mú. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ìyẹn, orí pọ́ǹpù ló kù lójú yín, pẹ̀lú wáyà àti rọ́bà epo. Sikurúdíráfà lẹ máa lò jù. Tí sìkírù bá ti dípẹtà, ẹ fi epo ìtúdè sí i kó sùn mọ́jú, ẹ má fipá yí i, tí orí rẹ̀ bá jẹ, wàhálà dé.

Kẹ́ ẹ tó tú rọ́bà, ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ ti ilẹ̀. Tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́, ohun tí à ń ṣe ni pé ká yọ wáyà pọ́ǹpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń lọ, kó fi jó epo inú páìpù tán, kó kú fúnra rẹ̀. Tiyín ò sitáàtì, torí náà ẹ fi àkísà wé ojú rọ́bà, kẹ́ ẹ tú kílíìpù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Epo á fín jáde díẹ̀. Ẹ fi àmì sára rọ́bà méjèèjì, èyí tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì àti èyí tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ má ṣì í pààrọ̀ wọn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti afẹ́fẹ́ gbá gbogbo ekuru orí rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ibi tí mo rí ekuru tó pọ̀ jù nìyẹn, gbogbo rẹ̀ ì bá sì ti wọ táǹkì. Tẹ́ ẹ bá ń fà á jáde, ẹ rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá ìwọ̀n epo wà lára rẹ̀. Tó bá tẹ̀, abẹ́rẹ́ epo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á máa purọ́ fún yín títí ayé.

Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ kékeré ni, ó kan so rọ̀ lára irin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àsẹ́ kékeré kan tó dà bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ pààrọ̀ àsẹ́ náà pẹ̀lú pọ́ǹpù, ẹ má fi ti àtijọ́ sára tuntun.

Fílítà tẹ́ ẹ béèrè, abẹ́ mọ́tò ló wà, níwájú táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, pẹ̀lú ike tó bò ó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Kọ́lá Ìfàkì

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n níbo ló ti fẹ́ rí pọ́ǹpù Miata ní Adó? Ká sọ òtítọ́. Ẹ ra pọ́ǹpù Toyota tòkunbọ̀ tó mọ́, ẹ so ó síta lábẹ́ mọ́tò, ẹ lọ sílé. Mo ti ṣe é fún oríṣiríṣi mọ́tò, wọ́n ń rìn.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Kọ́lá, pọ́ǹpù inú táǹkì kì í fa epo láti ọ̀nà jíjìn, ṣe ló ń tì í. Inú epo ni wọ́n ṣe é fún, epo ló ń tù ú lára. Tẹ́ ẹ bá so ó síta lábẹ́ oòrùn Èkìtì tí á fi máa fa epo gòkè, á máa gbóná, á sì máa ké. Bó ṣe ń rìn lónìí kọ́ ni mo ń wí.

Ríwáyà Ajílósùn

Mo gbè é lẹ́yìn. Ẹ sì ṣọ́ra fún pọ́ǹpù kékeré onígun mẹ́rin tí wọ́n ń so mọ́ mọ́tò oníkábúrétọ̀. Ìtì rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti epo, kì í pé 10 psi. Ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ bíi 30 sí 38 psi nígbà tó bá dúró sójú kan, ó sì ń gòkè tó nǹkan bíi 40 tẹ́ ẹ bá yọ rọ́bà fákúùmù kúrò lára rẹgulétọ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso ìtì epo. Tẹ́ ẹ bá fi ti kábúrétọ̀ sí i, ó lè sitáàtì, àmọ́ òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn á tún jẹ́ kó kú.

Màmá Ìbejì Ìjerò

Ọ̀rọ̀ Kọ́lá ò burú tán o. Ìdajì rẹ̀ ni ẹ lò. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù Toyota olójú kékeré báyìí gùn bákan náà, ó sì fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ti Mazda. Inú táǹkì náà lẹ máa fi í sí, lórí irin àtijọ́ yẹn. Èmi ti tà á fún ẹni tó lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èyí àtijọ́ dání wá sí ìsọ̀. Mi ò ní ta pọ́ǹpù fún ẹni tó bá kàn fi fóònù ya àwòrán ránṣẹ́, torí tí kò bá wọlé, èmi lẹ máa wá bá jà.

Ẹ wo ojú iná rẹ̀ dáadáa. Ẹ wo ẹnu tí rọ́bà ń wọ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi bátìrì dán an wò, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ríwáyà Ajílósùn

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ kíyè sí tẹ́ ẹ bá lo ti Toyota. Tí ojú wáyà rẹ̀ bá yàtọ̀, tẹ́ ẹ sì so rere mọ́ òdì, pọ́ǹpù á yí sẹ́yìn. Ẹ ó máa gbọ́ tó ń kùn, ẹ ó rò pé ó ń ṣiṣẹ́, epo ò sì ní dé ẹ́ńjìnnì. Èkejì, rọ́bà kékeré tó so pọ́ǹpù mọ́ irin nínú táǹkì: kì í ṣe gbogbo rọ́bà epo ló lè gbé nínú epo. Èyí tí wọ́n ṣe fún inú táǹkì ni 30R10, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀. Rọ́bà epo lásán á wú, á rọ̀, á já, tẹ́ ẹ bá sì ṣí i, ẹ ó rí pọ́ǹpù tó yè tó kàn ń da epo padà sínú táǹkì.

Kọ́lá Ìfàkì

Rọ́bà 30R10? Ọjà wo nìyẹn wà ní Èkìtì?

Màmá Ìbejì Ìjerò

Ládípò ní Èkó. Awakọ̀ á gbé e wá. Ẹ fara balẹ̀.

Adébáyọ̀ Adó

Gílóòbù tàn yòò. Pọ́ǹpù ni lóòótọ́. Ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá máa pààrọ̀ rẹ̀, kí n kúkú ra pọ́ǹpù Walbro 255, pé á mú kó sáré sí i. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ìkọ̀lé

Rárá o. 255 túmọ̀ sí lítà 255 ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 116 kọ́ ló nílò ìyẹn, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ so tọ́bò mọ́ ọn. Rẹgulétọ̀ ilé-iṣẹ́ lè má ráyè dá gbogbo epo yẹn padà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró sójú kan, epo á pọ̀ jù, èéfín dúdú á máa jáde. Kò ní sáré ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Walbro 190 á tó, tàbí ti Toyota tí Màmá sọ.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ẹ ṣé o, mo kàn ń kà ni, ọkọ mi ló ní irú mọ́tò yìí. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iná nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ ara yín.

Inú mọ́tò gan-an lẹ máa ṣí táǹkì sí. Òórùn epo á kún ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń wọ́lẹ̀ ni. Ẹ ṣe é níta gbangba, lọ́wọ́ àárọ̀. Ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, ẹ má ṣe é níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá wá wo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí epo inú táǹkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ gbé apaná oníyẹ̀fun sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Omi kọ́ ni wọ́n fi ń pa iná epo o. Ẹ má da èyí tẹ́ ẹ bá bù jáde sínú ike omi tí ọmọ lè gbé mu. Èyí tó gbé àwọn èèyàn dé ọ̀dọ̀ wa ní ilé ìwòsàn jù nìyẹn.

Ọ̀gá Bàsírì

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mẹkáníìkì tó ń fi ẹnu fa epo náà wà lára wọn.

Adébáyọ̀ Adó

Ó ti gbà o! Mo fi ti Toyota sí i, inú táǹkì, lórí irin àtijọ́. Àsẹ́ ẹsẹ̀ èyí tí mo yọ dúdú kirikiri, ìpẹtà rọ̀ mọ́ ọn, ó sì hàn pé pọ́ǹpù ti ń jìjàkadì láti fa epo gba inú rẹ̀. Fílítà abẹ́ mọ́tò náà, nígbà tí mo yí i dorí kodò, omi àti ìdọ̀tí ló tú jáde. Mo fọ inú táǹkì. Mo ti gbé e dé Ìgèdè pa dà, kò lọ́ tìkọ̀.

Ìṣòro méjì ló kù. Òórùn epo ń wọ inú mọ́tò tí mo bá kún táǹkì. Abẹ́rẹ́ epo sì dúró sí ìdajì láìka bí mo ṣe kún un.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ọ̀pá ìwọ̀n epo ti tẹ̀, tàbí rọ́bà pọ́ǹpù ń dí i lọ́wọ́ kó má lè gòkè. Ẹ ṣí i padà, ẹ fọwọ́ gbé e sókè sódò kẹ́ ẹ rí i bóyá ó ń lọ délẹ̀ dókè. Ti òórùn yẹn, rọ́bà ìdérí táǹkì ni. Ṣé ti àtijọ́ lẹ dá padà?

Adébáyọ̀ Adó

Ti àtijọ́ ni.

Ríwáyà Ajílósùn

Ẹ má kún táǹkì mọ́ títí ẹ ó fi rí tuntun. Ẹ má sì jẹ́ kó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lítà 45 ni táǹkì yẹn ń gbà. Ẹ jẹ́ kó máa wà láàárín. Pọ́ǹpù tó ń jókòó nínú epo díẹ̀ nígbà gbogbo lọ́sàn-án gangan, ooru ló ń pa á. Tó bá sì tún kú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, rílè abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mi ò tíì dá a láre.

Ọ̀gá Bàsírì

Ríwáyà àti rílè! Ó ti gbà, jẹ́ kó sinmi.

Màmá Ìbejì Ìjerò

Rọ́bà ìdérí wà lọ́wọ́ mi, oríṣi mẹ́ta. Ẹ wọn fífẹ̀ ti àtijọ́ kẹ́ ẹ tó wá, láti etí kan dé èkejì, kẹ́ ẹ má wá gbé èyí tó tóbi lọ.